Ojú Ọ̀run Tí Kò Tó Ẹyẹ Fò

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni òwe kan ti ń dà mí láàmú, kì í sì í ṣe pé n kò mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló pa á nínú kíláàsì mi, nígbà tí mo ń ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ fóònù ṣe ń lo afẹ́fẹ́ kan náà láti bá òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, ṣé ojú ọ̀run ò wá tó ẹyẹ fò mọ́ ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dá a lóhùn pé ojú ọ̀run tí ẹyẹ ń fò gbòòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ìgbì rédíò kan ṣoṣo, ohùn méjì kò lè wọ etí kan náà lẹ́ẹ̀kan náà kí èyí má ba ìyẹn jẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó tún nawọ́ sókè. Bí fóònù méjì bá rí bákan náà ní gbogbo ọ̀nà, tí ètò kan náà wà nínú wọn, tí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn forí gbárí, èwo nínú wọn ni yóò yà fún èkejì?

Ìdáhùn tí ìwé ń fúnni ni mo fún un: kí fóònù kọ̀ọ̀kan mú iye àkókò kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀, kí ó dúró títí àkókò náà yóò fi pé, kí ó tó tún gbìyànjú. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó kúrú ju ìbéèrè náà lọ. Bí mo ṣe ń rò ó lọ tí mo ń rò ó bọ̀ ni ó túbọ̀ ń hàn sí mi pé ìhà méjèèjì iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń bá yí, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì aláìlówáyà àti iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń pawọ́ pọ̀ ṣe láì ní ọ̀gá kan, orí ìbéèrè ọmọ yẹn ni wọ́n dúró lé. Láàrin àwọn tó dọ́gba, tí kò sí olórí láàrin wọn, kí ni yóò pinnu ẹni tí yóò ṣíwájú?

Àwa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dọ́gba

Ohun tó mú kí ìbéèrè náà ṣàjèjì sí etí wa ni pé Yorùbá kì í sábà fi ènìyàn méjì sílẹ̀ ní dọ́gba. Bí ènìyàn méjì bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà níbi ìpàdé ẹbí, àbúrò ni yóò sọ pé, “Ẹ máa wí, ẹ̀gbọ́n mi,” ọ̀rọ̀ sì ti tán. Bí ọjọ́ orí kò bá hàn, oyè ni a ó wò. Bí kò bá sí oyè, a ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́. Láàrin àwọn ìyàwó ilé, ọjọ́ tí a gbé kálukú wọlé ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí a bí i. Àwọn ìbejì pàápàá, tí wọ́n jọ gbé inú ikùn kan, a kò gbà kí wọ́n dọ́gba: Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ a ní Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n ó tún ń fi hàn bí ara wa kì í ṣe é gba kí ọ̀rọ̀ wà láì ní àgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀, nítorí gbogbo fóònù ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò bá ti òmíràn mu, kí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù máa ṣíwájú. Kì í ṣe àbá tí kò lórí. Wáyà tí àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ń lo irú rẹ̀: ìròyìn tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń kọjá, àwọn yòókù a sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n orí wáyà ni wọ́n wà, níbi tí oníkálukú ti lè máa gbọ́ èkejì bí òun náà ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Lórí afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ kì í sábà gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ lórí ìgbì kan náà, nítorí ohùn tirẹ̀ ti bo ti ẹni tó jìnnà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò mọ ẹni tó wà nítòsí títí ẹni náà yóò fi sọ̀rọ̀. Kí a tó lè mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ara wa, ìkíni náà gan-an ló sì dá ìjà sílẹ̀.

Hawaii, 1971

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ di dandan fún kọ̀ǹpútà ni Yunifásítì Hawaii. Norman Abramson, ọmọ Boston tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Stanford ní 1958, ló kó lọ síbẹ̀, kò sì fi pa mọ́ pé ìgbì òkun tí òun fẹ́ràn láti máa fi pákó gùn wà lára ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà ńlá wà ní ọgbà yunifásítì ní Mānoa, àwọn ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ náà fọ́n káàkiri orí àwọn erékùṣù, wáyà tẹlifóònù tó wà nílẹ̀ gbówó lórí, kò sì ṣeé fọkàn tẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Frank Kuo wà lára wọn, yan rédíò. Nínú oṣù kẹfà 1971 ni nẹ́tíwọ̀kì wọn, ALOHAnet, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìgbì méjì ni wọ́n ní. Orí ọ̀kan ni ẹ̀rọ tó wà láàrin ti ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ẹ̀rọ náà ní Menehune, orúkọ àwọn ènìyàn ràrá inú ìtàn ìwáṣẹ̀ Hawaii. Menehune nìkan ló ń lo ìgbì yìí, nítorí náà kò sí ìjà níbẹ̀. Orí ìgbì kejì ni gbogbo àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn káàkiri ti ń dá a lóhùn, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà mọ̀ láti ṣe ni pípín: kí a fún oníkálukú ní ìgbì tóóró tirẹ̀, tàbí kí a yan àkókò fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abramson kíyè sí i pé ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ríronú ló ń ronú lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ nǹkan. Bí a bá pín ọ̀nà fún un, òfìfo ni ìpín rẹ̀ yóò máa wà. Ó wá ṣe ohun tó jọ àìbìkítà: ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́, láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbi tí nǹkan ti bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìdì ọ̀rọ̀ kan nínú ALOHAnet jẹ́ bit 704 (bit kan ni àmì 0 tàbí 1 kan): lẹ́tà 80, pẹ̀lú àwọn bit tí a fi ń mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, àti èyí tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ lọ́nà. Bit 9,600 ni rédíò náà ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìdì kan ń lò tó ìdá 73 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lójú ọ̀nà. Ká ní ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹlòmíràn ní ẹ̀ka ibòmíràn sì tẹ tirẹ̀ nígbà tí ìdá 30 péré ti kọjá. Ìdì kejì gun ìdì àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Ariwo ni Menehune gbọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ni ìròyìn kan ṣoṣo tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó sọ fún ti àkọ́kọ́ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún èkejì pé òun ló kẹ́yìn dé.

Bí òfin bá wá sọ pé kí ẹni tí kò gbọ́ èsì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, àwọn méjèèjì yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọn yóò sì tún pàdé, pẹ̀lú àlàfo ìdá 30 kan náà láàrin wọn. Bí a bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, bákan náà ni yóò rí. Àwọn méjèèjì kò ṣẹ̀. Òfin ni wọ́n ń pa mọ́, bí wọ́n sì ṣe ń pa á mọ́ dáadáa tó ni ìjà náà yóò ṣe pẹ́ tó. A máa ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n sùúrù tó bá dọ́gba kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní níhìn-ín. Ohun tó lè tú wọn sílẹ̀ ni kí oníkálukú ṣẹ́ kèké fún ara rẹ̀, kí kèké sì sọ bí sùúrù rẹ̀ yóò ti gùn tó. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àwọn tó dọ́gba di ẹni tí kò dọ́gba mọ́. Ọ̀kan ti ṣíwájú, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í ṣe àgbà, ipò náà sì tán bí ìdì náà bá ti kọjá.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìṣirò Abramson fúnra rẹ̀ fi hàn pé bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tó wù wọ́n, ìdá 18.4 péré nínú 100 ni a lè rí lò lára ọ̀nà náà bó ti wù kó rí, nítorí kí ìdì kan tó lè dé láìfarapa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàrin àkókò ìdì kan tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti àkókò ìdì kan tó tẹ̀ lé ìbẹ̀rẹ̀ náà. Ní 1972, Larry Roberts ní kí gbogbo wọn máa bẹ̀rẹ̀ lórí ìlù kan náà, kí ìdì tó bá máa forí gbárí lè forí gbárí pátápátá, kí ó má jẹ́ pé ìrù èyí ló ń ba orí ìyẹn jẹ́. Ìyẹn sọ iye náà di ìlọ́po méjì, ìdá 36.8. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní pé nǹkan tó ń fi ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ̀nà rẹ̀ ṣòfò ni gbogbo ohun tó wá lẹ́yìn rẹ̀ dúró lé.

Ìtàn kan wà tí Abramson sọ nípa ara rẹ̀ tí mo rò pé ó bá ìlànà rẹ̀ mu. Ó wà nínú ọ́fíìsì Roberts ní ARPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ná owó sórí iṣẹ́ náà. Àkójọ orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ARPANET, nẹ́tíwọ̀kì ARPA tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò gbé e dé, wà lójú pátákó. Roberts jáde sí yàrá kejì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Abramson mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ ALOHA sí i, ó sì kọ 17 Oṣù Kejìlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ọjọ́ náà ṣe wá sí i lọ́kàn. Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́, òun náà sì gbàgbé. Nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà pé ni àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ náà kiri tẹ̀ ẹ́ láago pé kí ó ṣètò àyè sílẹ̀.

Òrùka tí kò ní orí

Ní Hawaii, a lè rò pé ọgbọ́n orí lásán ni kèké náà, pé bóyá bí ọlọ́gbọ́n mìíràn bá jókòó tì í dáadáa, yóò rí òfin tí kò nílò kèké. Dana Angluin, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ilẹ̀kùn yẹn ní 1980. Fi ojú inú wo àwọn kọ̀ǹpútà tó jókòó yí ká bí òrùka, tí kò sí èyí tó ní orúkọ, tí ètò kan náà wà nínú gbogbo wọn, tí oníkálukú sì lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A ní kí wọ́n yan olórí kan. Ipò kan náà ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò gbọ́, ipò tí wọn yóò bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì tún jẹ́ ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dìde tó ní òun ni olórí, gbogbo wọn yóò jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹ̀rí náà kò gùn ju èyí lọ, kò sì sí ọgbọ́n tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àfi kí a fi ohun kan kún ètò wọn tó lè ya ẹnìkan sọ́tọ̀. Ní 1981, Alon Itai àti Michael Rodeh fi hàn pé bí wọ́n bá mọ iye ara wọn, tí a sì gbà wọ́n láàyè láti máa ṣẹ́ kèké, wọn yóò rí olórí yàn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ náà gbà yọ. Michael Fischer, Nancy Lynch àti Michael Paterson fi ìṣirò hàn ní 1985 pé bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn kọ̀ǹpútà bá lè kú lójijì, tí kò sì sí ààlà fún bí ìròyìn ṣe lè pẹ́ tó lọ́nà, kò sí ìlànà aláìníkèké tó lè mú un dá wa lójú pé wọn yóò fẹnu kò lórí ìpinnu kan nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ọdún méjì ṣáájú wọn ni Michael Ben-Or ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ti ń ṣẹ́ kèké nígbà tí ìbò bá pín, tí wọ́n sì ń fẹnu kò níkẹyìn.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Raft, ìlànà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń fẹnu kò, tí Diego Ongaro àti John Ousterhout ti Stanford gbé jáde ní 2014, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀pọ̀ ohun tí a ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Bí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ olórí bá kú, àwọn yòókù ń dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀kan tó jáde pé òun fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jọ jáde, ìbò yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní wọlé. Àwọn ọ̀gbẹ́ni méjèèjì kọ́kọ́ rò ó bí àwa ìbá ti rò ó: wọ́n fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ipò, kí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré máa yà fún ẹni tí ipò rẹ̀ ga. Wọ́n tún un ṣe títí, ìṣòro tuntun sì ń yọ níbi tí wọn kò rò, pàápàá bí àgbà bá ṣubú lẹ́yìn tí àbúrò ti yà fún un. Wọ́n pa á tì. Kèké ni wọ́n padà sí: kí oníkálukú mú àkókò ìdúró tirẹ̀ láàrin ìdá 150 sí 300 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ni yóò jáde. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kèké náà rọrùn fún ènìyàn láti lóye ju ipò lọ. N kò lè ka gbólóhùn yẹn kí n má ronú nípa gbogbo ìpàdé tí mo ti jókòó sí.

Ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa kò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí fóònù 4G bá ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ láti pe ènìyàn tàbí láti fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ fún òpó kì í ṣe nọ́ńbà ẹni náà, kì í sì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ohùn 64 ni òpó kọ̀ọ̀kan ní fún iṣẹ́ yìí, ó máa ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lára wọn, fóònù á sì ṣẹ́ kèké lórí ìyókù, á ké ọ̀kan síta. Òpó a dáhùn pé òun gbọ́ ẹni tó ké ohùn kẹtàdínlógún, fún àpẹẹrẹ, kó máa bọ̀ ní àyè báyìí-báyìí. Bí fóònù méjì bá ti jọ mú ohùn kẹtàdínlógún, àwọn méjèèjì yóò gbà pé àwọn ni a ń bá wí, wọn yóò sì jọ kó sí àyè kan ṣoṣo náà, oníkálukú pẹ̀lú ìdánimọ̀ rẹ̀. Èyí tí òpó bá rí gbọ́ ni yóò pè padà. Èkejì yóò gbọ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, irú bí Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnu ọ̀nà yìí wà lára ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti kọ́kọ́ ń dí. Ohùn náà kò pọ̀ sí i nítorí pé ènìyàn pọ̀ sí i. Àwọn tó kọlu ara wọn ń padà wá, wọ́n ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pàdé, àwọn náà tún ń kọlu ara wọn. Òpó lè ní kí wọ́n fà sẹ́yìn, kí wọ́n fẹ àkókò tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké lé lórí, fóònù á sì gbọ́ràn. Ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ni kì í gbọ́ràn, nítorí ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí èsì tó dé.

Ẹni tó bá ti wọlé ló ń tún wọlé

Títí dé ibi yìí, mo ti ń kọ̀wé bí ẹni pé kèké kò ní àléébù, ṣùgbọ́n apá tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ló kàn yìí. Bob Metcalfe, ẹni tí Yunifásítì Harvard kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ padà, ka ohun tí Abramson kọ, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó fi kún iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì gba oyè náà ní 1973. Nínú ọdún kan náà, ní 22 Oṣù Kárùn-ún, ní Xerox PARC, ibùdó ìwádìí ilé iṣẹ́ Xerox, ló kọ ìwé tó fi sọ nẹ́tíwọ̀kì oníwáyà tuntun kan ní Ethernet. Alto Aloha Network ni wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, àti pé bí ìkọlù bá ti ń pọ̀ sí i, kí ìdúró máa gùn sí i. Bí òfin náà ti wá fìdí múlẹ̀ nìyí: lẹ́yìn ìkọlù àkọ́kọ́, ṣẹ́ kèké láàrin 0 àti 1, lẹ́yìn èkejì, láàrin 0 àti 3, lẹ́yìn ẹ̀kẹta, láàrin 0 àti 7, títí yóò fi dé 1,023. Bí ìgbìyànjú bá di mẹ́rìndínlógún tí ìdì kò kọjá, jù ú nù.

Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n fi ẹ̀rọ méjì tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ sórí wáyà kan. Wọ́n kọlu ara wọn, Ẹ̀rọ Kìíní mú 0, Ẹ̀rọ Kejì mú 1, Ẹ̀rọ Kìíní kọjá. Nítorí pé ó ti kọjá, òfin ní kó gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ìdì tuntun rẹ̀ tún kọlu ìdì àtijọ́ ti Ẹ̀rọ Kejì. Ní báyìí, Ẹ̀rọ Kìíní ń ṣẹ́ kèké láàrin 0 àti 1, Ẹ̀rọ Kejì láàrin 0 àti 3. Bí a bá ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ, Ẹ̀rọ Kìíní yóò borí ní bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, Ẹ̀rọ Kejì lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì jọ mú iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí Ẹ̀rọ Kìíní bá tún borí, ìyípo tó kàn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mẹ́tàlá nínú mẹ́rìndínlógún ni tirẹ̀, ọ̀kan péré ni ti Ẹ̀rọ Kejì. Kò sí ìkà nínú òfin náà. Kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ kò ní èrú. Síbẹ̀, ẹni tó pàdánù lẹ́ẹ̀kan ni a sọ pé kó ní sùúrù sí i, ẹni tó rí tirẹ̀ gbà ni a sì sọ pé kó gbàgbé.

Orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá oògùn tó wù mí fún un. Ní 1994, Vaduvur Bharghavan, Alan Demers, Scott Shenker àti Lixia Zhang gbé ìlànà aláìlówáyà kan jáde tí wọ́n sọ ní MACAW. Wọ́n ti rí i nínú àyẹ̀wò wọn pé láàrin ẹ̀rọ méjì tó ń bá ibùdó kan sọ̀rọ̀, ọ̀kan gba gbogbo ọ̀nà, èkejì kò rí nǹkan kan. Wọn kò pa kèké tì, wọn kò sì yan ọ̀gá. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa kọ iye ìdúró tirẹ̀ sára ìdì tó bá fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìdì náà sì fi iye yẹn rọ́pò tirẹ̀. Ìyà tó jẹ ọ̀kan wá di ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀, wọ́n sì jọ ń ṣẹ́ kèké láàrin iye kan náà. Àwọn méjèèjì wá ń rí ìpín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba gbà.

Wi-Fi, tí òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1997, kò gba ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá kọjá ṣì ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ní inúure kan tí Ethernet kò ní: bí ẹ̀rọ kan bá ń ka iye tí kèké fún un sísàlẹ̀, tí ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í sọ iye náà nù. Á dá kíkà dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé nígbà tí ọ̀nà bá tún dákẹ́. Ẹni tó ti dúró pẹ́ ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ kèké lọ.

Àgbà padà wọlé

Ó wá di 2005, àwọn tó ń ṣe òfin Wi-Fi fi àfikún kan tí wọ́n ń pè ní 802.11e sí i, wọ́n sì ṣe ohun tí àwọn ti Raft kọ̀ láti ṣe. Wọ́n fún ìdì ní ipò. Ìdì tó bá gbé ohùn ìpè ń ṣẹ́ kèké láàrin 0 àti 3 péré ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́. Èyí tó gbé fídíò, láàrin 0 àti 7. Ọ̀rọ̀ yòókù, láàrin 0 àti 15. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìwọ̀n kan, nítorí ohùn tó bá pẹ́ kò wúlò mọ́, ìmeèlì sì lè dúró. Ipò-àgbà yìí kì í ṣe ti ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ohun tí à ń sọ lọ́wọ́ ló ni ín, tó fi jẹ́ pé ìmeèlì ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè dúró kí ìpè ọmọdé kọjá, ipò náà sì ń tán bí ìpè bá ti parí.

Ṣùgbọ́n láàrin àwọn àgbà fúnra wọn, kèké ni wọ́n ṣì ń ṣẹ́, iye tí wọ́n sì ń ṣẹ́ ẹ lé kéré. Bí ìdì ọ̀rọ̀ lásán méjì bá jọ ṣẹ́ kèké láàrin iye mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 16 ni wọn yóò mú iye kan náà tí wọn yóò sì kọlu ara wọn. Bí ìdì ohùn méjì bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin iye mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin ni. Bí gbogbo ètò inú ilé kan bá sì wá kọ ọ́ sára ìdì tirẹ̀ pé ohùn ni òun gbé, ipò náà kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́, ìkọlù nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i.